Wọ́n Fi Tíṣù Yẹ Èéfín Ọkọ̀ Mi Wò

Ọ̀gá Olóòtú,

Ọkùn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì lè gbé e mì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, èmi àti ìyá àwọn ọmọ ń ti Ìsánlú bọ̀ wá sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Kí a tó wọ Mopa, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dá wa dúró. Pátíkúlá mi pé. Táyà dára, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn ń tàn, gáàsì tí a fi ń pa iná wà nínú búùtù. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan dì mú, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kò lè dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, fa tíṣù funfun yọ nínú àpò, ó wé e mọ́ ìka, ó tì í bọ ẹnu sàléńsà, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á jáde. Tíṣù ti dúdú. Ó nà án sí mi lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ wo májèlé tí ẹ ń tú fún àwọn èèyàn. Ọkọ̀ yín ti fẹ́èlì." Ó ní kí n san ₦25,000.

Mo béèrè rìsíìtì. Ó ní bí mo bá ń wá rìsíìtì, kí n jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́jà, kí n lọ gbà á níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ta, ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó mi. A bẹ̀bẹ̀ títí, ó gba ₦10,000. Ẹ̀yin èèyàn mi, àyẹ̀wò wo ni wọ́n ń ná bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà?

Ọ̀rọ̀ owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n tíṣù yẹn ló dùn mí jù. Kí ni tíṣù mọ̀ nípa èéfín? Ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ irin ló nù jáde, ó sì lè jẹ́ ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ohun tó léwu jù tó ń ti ẹnu sàléńsà ọkọ̀ pẹtiróòlù jáde ni gáàsì kábọ́ọ̀nù mónósáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun náà ló ń pa àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rọ̀dọ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn, tí ilẹ̀ ò mọ́ bá wọn. Ohun tí ojú kò lè rí, tí imú kò lè gbọ́, ṣé tíṣù ló máa rí i?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra òfin èéfín. Ọmọ ọmọ mi kan ní ikọ́ fée, mo mọ bí ó ṣe máa ń rí lóru tí èémí bá há a. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ́tò pé wọ́n ti ń wo èéfín báyìí, mo múra. Toyota Carina ni ọkọ̀ mi, 1996 ni wọ́n ṣe é. Mo gbé e lọ bá mẹ́káníìkì mi ní Kàbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la lò lórí rẹ̀.

Tí mo bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń tú èéfín aláwọ̀ búlúù fún bí ìṣẹ́jú méjì, yóò sì dáwọ́ dúró. Ọkùnrin náà tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí àkísà. Mẹ́ta gbẹ, ẹnu wọn rí bí amọ̀ tí oòrùn sá. Ẹ̀kẹta láti iwájú rin gbìndìn fún ọ́ìlì, ó ń dán. Ó ní fáàfù síìlì, rọ́bà kékeré tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́nu fáàfù, ló ti gbó tó sì le, ọ́ìlì ń jò wọlé lóru tí ọkọ̀ bá dúró. A pààrọ̀ gbogbo síìlì náà. A tú fítà afẹ́fẹ́, erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa tó dà jáde níbẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí afẹ́fẹ́ mí sínú, epo rẹ̀ kì í jóná tán, èéfín dúdú ló máa ń tú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti tẹmósítáàtì, ohun kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Mẹ́káníìkì kan tó ti tún ọkọ̀ yẹn ṣe rí ti yọ ọ́ dànù, pé ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò níbí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, á sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní ìrànwọ́ orí epo ti tán, ta ló tún ní epo tó fẹ́ dà nù? A ra òmíràn, a fi sí i. Mo rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú táńkì mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọwọ́ wa kò tó ni kátálísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde lẹ́nu sàléńsà. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ sókè, páìpù gbọọrọ kan tí wọ́n fi iná jó mọ́ ibẹ̀ la bá níbi tó yẹ kí kátálísítì wà. Ẹni kan ti gé e tà kí n tó ra ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n fi àwọn irin iyebíye tí wọ́n ń pè ní platinum, palladium àti rhodium kùn ún. Tó bá ti gbóná, òun ló ń sọ kábọ́ọ̀nù mónósáìdì di gáàsì tí kì í pani bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti 1993, ọkọ̀ pẹtiróòlù tuntun kò gbọ́dọ̀ jáde láìní in. Nílẹ̀ wa, àwọn tó ń rà á ń wá bá mẹ́káníìkì ní ṣọ́ọ̀bù lójú mọmọ, ó ń lọ sókè òkun, kò sẹ́ni tó ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Àbùkù tòótọ́ tó wà lára ọkọ̀ mi nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èéfín wò ì bá tú u síta, ǹ bá sì mọ ohun tó kù tí mo máa ṣe. Tíṣù wọn kò rí i. Owó mi nìkan ló rí.

Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń rán àwọn ọmọ wọ̀nyí sójú títì láìfún wọn ní irinṣẹ́, àwọn ni mo ń bá wí. Òfin orílẹ̀-èdè lórí èéfín ọkọ̀ ti wà láti 2011. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni fi tíṣù yẹ ọkọ̀ aráàlú wò. Láti ìgbà náà títí di òní, èmi kò tíì fojú kan ẹ̀rọ ìyẹ̀fínwò kan láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ dúró lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà, kí ẹ wo tírélà tó ń gun òkè, èéfín dúdú kìjikìji tó ń bo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́lẹ̀. Èmi ò rí i kí wọ́n ki tíṣù bọ sàléńsà tírélà rí. Ọkọ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki okùn rẹ̀ bọ ẹnu sàléńsà, tó ń ka kábọ́ọ̀nù mónósáìdì àti epo tí kò jóná, kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Kí wọ́n ra ẹyọ kan péré fún ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tiwa, kí wọ́n gbé e sínú píkọ́ọ̀pù, kó máa yí ìlú ká lọ́jọ́ ọjà: Kàbà, Ìyàrà, Mopa, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kí wọ́n tó ki okùn ẹ̀rọ bọ ẹnu sàléńsà rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó yẹ kó yege lè kùnà bí ó bá tutù. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà sínú bébà fún ẹni tó ni ọkọ̀, kí wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó lọ tún un ṣe, kó padà wá. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò padà wá, kí òun san owó ìtanràn, kó sì gba rìsíìtì. Àti pé kí wọ́n pe àwọn mẹ́káníìkì wa kí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ náà, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Imú ni mẹ́káníìkì tèmi fi ń gbọ́ bóyá epo ti pọ̀ jù, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wá rí nọ́ńbà, yóò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n fòfin de títa kátálísítì. Kí wọ́n bojú tó epo tí wọ́n ń tà fún wa. Kí wọ́n sì tún ọ̀nà ṣe, kí erùpẹ̀ yé kún fítà.

Tíṣù ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀ mi; mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà nígbà tí mo san owó tán, nítorí kò sí bébà mìíràn tó fún mi. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé Kàbà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tèmi wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí nọ́ńbà bá ga, ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ tèmi, n óò wá kátálísítì rí, n óò sì padà wá.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kogí