Ó Yẹ̀ Ni

Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì gbé e lọ ka fún Ìyá ní Òkè-Àdó. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé ọkọ̀ ojú irin tí o wọ̀ "derail", ẹnu mi wọlẹ̀, mi ò rí Yorùbá tí mo lè pè é. Mo ní ó ní jàǹbá ni. Háà! Ìyá dìde fùú: "Jàǹbá wo? Ṣé ó forí sọ nǹkan ni, àbí ó dojú dé?"

Bí mo ṣe gba Dùgbẹ̀ lọ nìyẹn, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ó yẹ̀ ni." Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ní ètè lápá inú, ètè yìí ni kì í jẹ́ kó kúrò lójú irin. Oòrùn a máa mú irin gùn sí i. Tí kò bá ráyè nà sí, á tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Bí ètè bá ti gun orí irin kọjá, ẹsẹ̀ yẹ̀ nìyẹn, bíi ti ẹni tó tẹ ẹrẹ̀.

O mọ̀ mí, mo tún lọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ní nǹkan bí ọdún 1850 ni Gẹ̀ẹ́sì gba "derail" lọ́wọ́ Faransé, "dérailler". Ṣùgbọ́n "rail" inú rẹ̀, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Faransé ti yá a! Gẹ̀ẹ́sì alára ti kọ́kọ́ yá a lọ́wọ́ Faransé àtijọ́, "reille", láti inú "regula" èdè Látìn, igi gbọọrọ tó tọ́. Rúlà tí wọ́n fi ń nà wá lọ́wọ́ nílé ìwé, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Àwa náà kúkú yá rélùwéè tiwa, tó dé Ìbàdàn ní 1901. (Tuntun ti wà ní Móníyà láti 2021, o ò tíì wọ̀ ọ́.) Síbẹ̀, "yẹ̀" wù mí jù. Irin ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò, ẹsẹ̀ ni àwa ń wò.

Mo padà lọ sọ fún Ìyá. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló yẹ̀. Ti ọmọ mi ńkọ́?"

Jọ̀wọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàó