Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, nípa aláǹtakùn tí ẹ fi sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ní àárọ̀ òní, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ yín, mo bá ọmọ aláǹtakùn yín tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ike rẹ̀, tí ó na ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. N kò fọwọ́ kàn án. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ti jẹun, ikùn rẹ̀ sì ti dúdú, ó ń dán, nítorí náà mo mọ̀ pé awọ ló fẹ́ bọ́. Láti àná ni mo ti yọ ìrẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó má baà bù ú jẹ nígbà tí ara rẹ̀ bá ṣì rọ̀. Omi inú ìdérí ìgò nìkan ni mo fi sílẹ̀, mo sì wọ́n díẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ apá kan kí ó má baà gbẹ.

Ẹnu yín kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Inú ìwé tí mo bá lábẹ́ ìrọ̀rí yín ni mo ti kà á pé, nínú irú aláǹtakùn yìí, èyí tó bá ń kú a máa ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ́ awọ ni í fẹ̀yìn lélẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ aláǹtakùn èkíní, èyí tí ẹ mú wá láti oko bàbá wa ní Òmù-Àrán, tí ẹ fi síkàáwọ́ mi ní Tánkẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ẹ kọ ọ́ pé ó kú. Ẹ kò kọ ẹni tó dà á sórí ààtàn láàyè.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá a lórí ààtàn náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ fọ ike rẹ̀, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lójú fèrèsé, ẹ sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Kí ló dé tí ẹ kò nà mí? Ǹ bá ti bẹ̀ yín, ẹ̀ bá sì ti sọ ohun tí mo ṣe fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ dákẹ́ nígbà tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun yín mọ́. Ẹ ní ooru ni. Inú ilé kan náà ni a wà, mò ń wo bí ẹ ti ń rù, mo sì gbà yín gbọ́.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n mi. Àràárọ̀ ni mo ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde, tí mo ń jókòó sábẹ́ igi kan títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, owó ilé sì ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Lánàá, Màmá béèrè ìdí tí mo fi ṣẹ́ àmàlà kù sínú àwo. Mo ní ooru ni.

Awọ àtijọ́ ti là lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mẹ́ta ti jáde. Eyín rẹ̀ yóò funfun fún ọjọ́ mélòó kan, n kò sì ní fún un lóúnjẹ títí eyín náà yóò fi dúdú. Mo ti kọ ọjọ́ òní sínú ìwé yín, lábẹ́ èyí tí ẹ kọ gbẹ̀yìn.

Èmi àbúrò yín.