Àwọn ọmọ wa ṣì fẹ́ràn ìwé o, ẹ fún wọn ní ìtàn

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ràn ìwé kíkà mọ́, pé fóònù ti bà wọ́n jẹ́, pé ká kàn gbà f'Ọ́lọ́run. Mo kà á tán, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e, torí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ́kọ́lá níbí n'Íbàdàn, ọmọṣẹ́ márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí, obìnrin ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí ò ní fóònù nínú wọn. Ohun tí ojú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e kúrú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá mi. Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ò mọ̀wé rárá, dírẹ́bà lọ́rì ni. Tó bá ti ti ìrìn-àjò dé, tó wẹ̀, tó jẹun tán, á ní kí n gbé láńtánì wá, kí n gbé ìwé Fágúnwà wá, Ògbójú Ọdẹ, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1938 yẹn. Èmi á máa kà, òun á máa gbọ́, àmọ́ kì í gbọ́ ọ jẹ́ẹ́ o, á máa bá ìwé jà ni! Á ní irọ́ ni, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Á ní padà sẹ́yìn, tún ibẹ̀ yẹn kà fún mi. Tá a bá dé ibi tó pa á lẹ́rìn-ín, á na ọwọ́, á fi bo ojú ìwé mọ́lẹ̀, ọwọ́ ńlá tó ń rùn dísẹ́ẹ̀lì, kò ní jẹ́ kí n ṣí i títí á fi rẹ́rìn-ín tẹ́ ara ẹ̀ lọ́rùn. Gílásì láńtánì á ti dúdú lápá kan, èéfín á máa ta sí wa nímú, màmá mi á máa pariwo láti inú yàrá pé ṣé ẹ̀yin ò ní sùn ni, bẹ́ẹ̀ òun náà ò sùn, etí ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó yá, bàbá tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí ẹ̀ wá.

Ẹni tó bá ti ka ìwé yẹn á rántí pé bó ṣe rí nínú ìtàn gan-an náà nìyẹn. Bàbá àgbà kan ló wá bá ẹni tó mọ̀wé kọ, ó ní kó mú nǹkan ìkọ̀wé kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀, tó bá sọ ọ́ dé ibì kan á dìde, ó dọ̀la, kí ilẹ̀ ọ̀la sì tó mọ́ èrò á ti pọ̀ sí i torí àwọn tó gbọ́ tàná ti lọ sọ fún ẹlòmíì. Fágúnwà mọ ohun tó ń ṣe wá. Ohun tó kàn yẹn, kí ló wá ṣẹlẹ̀ yẹn, ló ń gbé èèyàn dìde nílé ẹ̀.

Nígbà tó wá di pé wọ́n ń kọ́ wa ní ìwé ìtàn níléèwé, nǹkan yí padà. Tíṣà wa ò kà á sétí wa kó dùn. Ìbéèrè ló kọ sójú bọ́ọ̀dù: ta ló sọ báyìí, ta ló sọ ọ́ fún, dárúkọ mẹ́ta nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa. Ẹni tó bá gbàgbé orúkọ kan, ẹgba ni. Mo mọ àwọn ọmọ kíláàsì mi tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde nínú gbọ̀ngàn WAEC, wọn ò fọwọ́ kan ìwé ìtàn mọ́ títí dòní, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ràn ìwé. Ìdánwò ni wọn ò fẹ́ràn, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni, ẹni tí wọ́n sì fi ẹgba bọ́ ní oúnjẹ kan, kò ní béèrè oúnjẹ yẹn mọ́ láyé ẹ̀.

Ó wá ku ti ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́dún tó kọjá tíráńsífọ́mà àdúgbò wa jó, ó lé lóṣù kan tá ò fi rí iná. Owó epo ò sì jẹ́ ká lè máa tan jẹnẹrétọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, la bá padà sórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, a gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán fóònù àwọn ọmọ yìí á ti kú tán, wọ́n á wá jókòó máa rán bọ́tìnì, wọ́n á máa yán bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun. Èmi náà ti sú. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo ti rà látọjọ́, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, èkúté ti jẹ etí ẹ̀, ni mo bá mú un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọ̀kan sùn sórí aṣọ kọ́sítọ́mà. Lọ́jọ́ kejì kò sẹ́ni tó sùn. Lọ́jọ́ kẹta mo rán ọ̀kan nínú wọn ní omi, ó dé ẹnu ọ̀nà ó yíjú padà, "Mọ́mì, ẹ má tíì kà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró dè mí," ló bá fere gé e, ó sáré lọ ó sáré bọ̀, omi dà sí gbogbo ara ẹ̀, kéègì ò kún dé ìdajì. Mi ò lè bínú sí i.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn yẹn, òǹkọ̀wé kàn sọ pé ó wọ aṣọ olówó ńlá wọnú ilé ọtí, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Haà, ìjà dé! Ẹ má gbàgbé pé télọ̀ ni gbogbo wa. Ọ̀kan ní lésì ni, ó ní kò lè jẹ́ nǹkan míì. Ọ̀kan ní ìró àti bùbá ni, àrán, pẹ̀lú gèlè. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní rárá o, gáùn ni, gáùn tó fún un lára tí síìpù ẹ̀ wà lẹ́yìn, torí obìnrin tó ń bá olè rìn ò ní ró ìró tó máa dí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá lé e. Wọ́n jà á títí a fi tilẹ̀kùn. Mo ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ń rò ó, mo ní ká ní fíìmù ni, wọn ò ní bára wọn jà, torí fíìmù ti rán aṣọ yẹn tán kó tó gbé e dé iwájú wa, ká kàn máa wò ó ló kù. Ìwé yìí, aṣọ tí wọn ò tíì gé ló gbé lé wa lọ́wọ́, ó ní ká gé e bó ṣe wù wá. Gbólóhùn kan péré, obìnrin márùn-ún ló jáde nínú ẹ̀, kálukú sì mọ tiẹ̀ dáadáa, bóyá ó pupa, bóyá ó dúdú, bó ṣe ń rìn. Ohun tó jẹ́ kí ẹni tó bá ti tọ́ ìwé wò máa padà síbẹ̀ nìyí lójú tèmi, pé ọwọ́ tìẹ náà wà nínú ẹ̀.

Ó sì tún láwọn tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n ń wá. Kọ́sítọ́mà mi kan, ìyá àgbà, ọkọ ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní London, ó ní tí òun bá fẹ́ kàwé lálẹ́ òun máa ń kà á sókè ni, kí ilé lè ní ohùn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn. A kà á a kà á, a dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ mú olè, mo ṣí ojú ìwé, kò sí nǹkan kan mọ́, ewé tó gbẹ̀yìn ti já lọ. Mi ò rántí mọ́ pé ó já! Àwọn ọmọ yìí pariwo lé mi lórí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti kà á rí nígbà tó ṣì pé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí fún yín. Wọ́n ní rárá o, Mọ́mì, ẹ má sọ ọ́, àwọn fẹ́ kà á ni. Olóòtú, ibẹ̀ lẹnu ti yà mí jù. Ìparí ìtàn wà lẹ́nu mi, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gbà á! Wọ́n fẹ́ dé ibẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n dáwó láàárín ara wọn, lọ́sàn-án Sátidé méjì nínú wọn á jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, láti Agbẹni títí dé Dùgbẹ̀, wọ́n á padà wá wọ́n á ní kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá a kó tó di pé wọ́n rí ọ̀kan, èèpo tiẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé JSS 3 ló ti kúrò níléèwé, kì í fẹ́ kí wọ́n ní kóun ka nǹkan lójú èèyàn, kódà tí kọ́sítọ́mà bá kọ ohun tó ń fẹ́ sínú tákàdá á tì í sí ẹlòmíì. Òun ló ní kí n gbé e fóun. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é wẹ́wẹ́, kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó bá a pè é. Máṣíìnì dákẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, a ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́, ojú ẹ̀ ti sáré lọ síwájú, ó ti rí i, àwa ò tíì rí i, ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ìwé dé mọ́ ìka ẹ̀, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rántí ọwọ́ bàbá mi.

Iná ti padà dé tipẹ́, fóònù náà ti padà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn ń fi fóònù ẹ̀ ṣe báyìí, ìtàn ni, àwọn ìtàn tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yẹn, apá kìíní, apá kejì, apá ogún, tí apá kan ò bá tètè wọlé kò ní sinmi. Ẹni tó ní fóònù ló ba ọmọ wa jẹ́, kó lọ wo ohun tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀ ná.

Ìdí tí mo ṣe wá kọ̀wé sí yín ní pàtó rèé. Kọ́sítọ́mà mi kan tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ń wọ̀n ọ́n. Ó ní lọ́dún 1929 l'Ékòó, ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tó ń ṣàìsàn, tó ń ro ìtàn ayé ẹ̀ àti ti gbogbo ọkùnrin tó ti bá pàdé. Lẹ́tà sí olóòtú ni o, irú èyí tí mò ń kọ yìí! Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á gbà pé èèyàn gidi ni, àwọn náà ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ olóòtú yẹn fúnra ẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1930 ó ti di odindi ìwé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ó ní kí n tún padà sẹ́yìn dé 1859, nígbà tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere yẹn, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n ń tà á ní 120 owó ẹyọ, ó ní torí kí ìwé kíkà lè mọ́ àwọn èèyàn lára ló ṣe dá a sílẹ̀. Ìwé ìròyìn ló ń kọ́ wa ní ìwé kíkà látìbẹ̀rẹ̀, Olóòtú, kì í ṣe ìdánwò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ìtàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ìwé kan náà tó. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì mọ ìtàn ń sọ, ẹ ní kó dá a dúró níbi tó ti dùn jù, kó sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má fi ìbéèrè sábẹ́ ẹ̀ o, ẹ má kọ "ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí" síbẹ̀ rárá, àwa fúnra wa á jà á. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dárúkọ aṣọ, ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ la máa ń ra ìwé ìròyìn yín. Àwọn ọmọ yìí ní kí n bá àwọn bi yín bóyá ìtàn á ti wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.