Ẹ̀rọ òwú kò dín ìyà ẹrú kù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ yín lórí oko òwú gúúsù Amẹ́ríkà, n kò sì gba ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ pé ẹ̀rọ òwú tí Eli Whitney, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1793 dín ìyà ẹrú kù. Kóró òwú nìkan ni ẹ̀rọ náà ń yọ, ó sì yára débi pé àwọn ọ̀gá oko ń gbin òwú púpọ̀ sí i. Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ṣì fi ń já òwú lóko, tí èèpo rẹ̀ á máa gún wọn níka, ìdí nìyẹn tí ẹrú tó tó nǹkan bí 700,000 ní 1790 fi di bíi mílíọ̀nù 4 ní 1860. Àwọn ọ̀gá ẹrú a tún máa fi ẹrú wọn dúró fún owó tí wọ́n yá ní báńkì (ó burú ju ti ìwọ̀fà lọ, torí gbèsè ọ̀gá ni, kì í ṣe ti ẹbí ẹrú). Àwọn oníṣòwò New York àti àwọn onílé-iṣẹ́ aṣọ Manchester ní England, tí ẹ kò mẹ́nu bà, jẹ nínú èrè òwú náà.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìtàn, Ìsẹ́yìn.