Ta Ni Ó Tóbi Jù Nínú Àwòrán Náà?

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé kò yẹ kí olórin, òṣèré tàbí ayàwòrán fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àwọn tí agbésùnmọ̀mí pa, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi pa owó. Ìbínú rẹ̀ yé mi. Aládìrẹ ni mí ní Òṣogbo, àdìrẹ alábẹ́là ni mo sì ti fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti ṣe fíríìdọ̀mù, nítorí náà n kò lè purọ́ pé owó kì í wọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó kan pósí ń gba owó, asunrárà ń gba owó, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n jókòó sílé. Nígbà tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, Hubert Ogunde kò dákẹ́. Ó fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe eré ní ọdún 1950, ó gbé e kiri, owó ni àwọn ènìyàn sì san kí wọ́n tó wọlé wò ó. Lójú tèmi, kì í ṣe owó ló yẹ kí a máa wádìí lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó kọjú sí nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a wádìí: ṣé ẹni tó kú ni, àbí ẹni tó pa á?

Ní oṣù kẹfà tó kọjá, nígbà tí àyájọ́ ìkọlù Ọ̀wọ̀ tún pé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an, ní òun fẹ́ fi aṣọ ṣe ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn agbébọn fi àdó olóró àti ìbọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, tí wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Mo fún un ní aṣọ funfun yáàdì méjì. Ó yọ́ àbẹ́là lórí sítóòfù, ó gé fóòmù, ó ń rì í bọ inú àbẹ́là gbígbóná, ó sì fi odindi òwúrọ̀ kan ya iṣẹ́ náà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí a yọ aṣọ náà nínú aró tí a sì fi omi gbígbóná bọ́ àbẹ́là ara rẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé ìbọn ni a rí láàárín, ó ga láti etí aṣọ dé etí aṣọ, èèyàn tilẹ̀ lè ka ọta tó so mọ́ àyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùjọsìn wà nísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kéré bí èèrà, wọn kò sì ní ojú. Mo bi í pé, "Ta ni ó tóbi jù nínú àwòrán yìí?" Ó wo aṣọ náà títí, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

N kò bínú sí i, torí kò dá a ṣe. Ẹni tó bá mọ ère wa mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà kì í gbẹ́ ọba àti ẹmẹ̀wà ní ìwọ̀n kan náà. Ọba ni yóò ga, ẹmẹ̀wà yóò sì dúró ní ìwọ̀n orúnkún rẹ̀, nítorí ọlá ni títóbi ń sọ, kì í ṣe bí ara ẹni ṣe gùn tó. Ẹni tó bá wá gbé agbébọn sí àárín aṣọ, tó sì sọ ọ́ di òmìrán, àyè ọba ló gbé fún un yẹn. Ibi gbogbo ni mo sì ti ń rí i bẹ́ẹ̀: lára pátákó fíìmù, nínú fídíò orin tó jáde kí wọ́n tó sin òkú tán, àti lọ́wọ́ àwọn adẹ́rìn-ín-pòṣónú orí fóònù tó ń wé láwàní, tí wọ́n ń gbé ìbọn onígi lé àwọn obìnrin nínú ọjà kí àwa lè rẹ́rìn-ín. (Ó wù mí kí wọ́n bi ọkùnrin Haúsá tó ń ta súyà ní àdúgbò wa léèrè bí ẹ̀rín ọ̀hún ṣe ń rí lára rẹ̀ tí ó bá di alẹ́.)

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìlú tí wọ́n kọlù gan-an ní ọnà tí wọ́n ń gbà rántí òkú. Láyé àtijọ́, bí ẹni ńlá bá kú ní Ọ̀wọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa wá agbẹ́gilére tó mọṣẹ́, kí ó gbẹ́ ère tó jọ olóògbé náà débi pé ẹni tó bá rí i lókèèrè lè fẹ́ kí i. Wọn a wọ aṣọ fún un, wọn a gbé e káàkiri ìlú, lẹ́yìn náà ni wọn a tó sin ín. Àkó ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé àgbà kan yóò sọ pé òkú arúgbó, òkú ọlọ́lá, ni wọ́n ń ṣe àkó fún, pé a kì í se àsè òkú ọ̀fọ̀, àti pé ọmọdé wà lára àwọn tó kú lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni, bóyá òun náà ló sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ ọnà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àsè ni mo ń sọ. Ojú ni mo ń sọ.

Ẹ wo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2014. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya lẹ́bàá Àbújá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 70. Ní òru ọjọ́ náà kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok. Mélòó nínú àwọn òǹkàwé yín ló ṣì rántí Nyanya? Àwọn òbí Chibok gbé fọ́tò àwọn ọmọ wọn jáde, ariwo náà lọ títí aya Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà fi gbé pátákó dání nítorí wọn. Ní ti àwọn èrò ọkọ̀ Nyanya, iye wọn nìkan ló kù sí wa lọ́wọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀ tó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ibòmíràn bá Prune Nourry, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọmọ Chibok tí wọn kò tíì padà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ orí 108, iye àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n ṣì wà nígbèkùn nígbà náà, ní ìrísí àwọn orí àtijọ́ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ẹbí ni wọ́n fún wọn ní fọ́tò tí wọ́n ń wò. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2022. Ẹ ronú sí i: orí ọba àti ìjòyè Ifẹ̀, kí wọ́n wá gbé e wọ ọmọ àgbẹ̀ láti Borno. Kò sí agbébọn kankan níbẹ̀. Ní New York pàápàá, orúkọ 2,983 ni wọ́n gé sára idẹ yí odò àtọwọ́dá méjì ká níbi tí ilé gogoro wọn ti wó ní ọdún 2001, tí ọjọ́ ìbí ẹnì kan bá sì pé, wọn a ki òdòdó funfun bọ inú orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, bí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà bá tún pé, tí àwọn ẹbí bá sì fọwọ́ sí i, ẹ fi orúkọ àti ojú àwọn ará Ọ̀wọ̀ yẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, dípò ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó kún fún ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ aṣọ mìíràn. Ojú ènìyàn 17 ló ti yà sí i títí di àárọ̀ yìí, ó ń wò wọ́n láti inú fọ́tò. Lánàá ó ní òun kò rí fọ́tò ọmọdé kan, òun kò sì mọ irú ojú tí òun lè fún un. Mo ní kí ó ta àbẹ́là bo ibẹ̀ pátápátá, kí aró má wọ̀ ọ́, kí àyè ọmọ náà wà ní funfun.

Èmi ni tiyín,
Aládìrẹ kan,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.