Ohùn Aláìsàn Wà Lára Iṣẹ́ Abẹ Gẹ̀gẹ̀

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí gẹ̀gẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ẹ rán wa létí iyọ̀ tó ní áyódìn, èyí tó ń dènà rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn àwọn ọdún 1990 kò mọ bí gẹ̀gẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ́rùn àwọn ìyá àgbà wa. Ṣùgbọ́n ibi tí òǹkọ̀wé náà ti ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ èyí tó bá tóbi jù, tó sì fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Kàbà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ni mo máa ń ya àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS1: ẹ̀dọ̀fóró nísàlẹ̀, kòmóòkun, ìyẹn ọ̀nà èémí tó gba inú ọrùn gòkè, gògóńgò, àti tán-án-ná méjèèjì tó wà nínú rẹ̀, tó ń pàdé tó sì ń gbọ̀n kí ohùn tó lè jáde. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò fa ìlà kan ṣoṣo láti fi iṣan tó ń mú tán-án-ná ṣiṣẹ́ hàn, nítorí kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni. Ìgbà tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn mi ni mo tó mọ̀ pé ó wà.

Iṣan tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí gògóńgò ni, kò sì nípọn tó mílímítà 3. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà yani lẹ́nu. Wọn kì í yà sí gògóńgò nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí. Wọ́n á kọjá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ti òsì á wọ inú àyà, á yí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde látinú ọkàn po. Ti ọ̀tún á yí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá po. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì á tó padà gòkè, wọ́n á gba àárín kòmóòkun àti ọ̀nà oúnjẹ, wọ́n á sì fara ra ẹ̀yìn ẹṣẹ́ táírọ́ìdì gan-an, ìyẹn ẹ̀yà ara níwájú ọrùn tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, kí wọ́n tó wọ inú gògóńgò. Ẹni tó bá ń yọ gẹ̀gẹ̀ kò lè ṣe kó má dé àdúgbò wọn. Galen, oníṣègùn ayé àwọn ará Róòmù, ti fi han àwọn ènìyàn ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn pé bí a bá gé iṣan yìí lára ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ké, igbe rẹ̀ á dá wàì. Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Àwa tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ni wọn kì í sọ fún.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ tèmi, wọ́n gbé bébà kan wá kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti ka bébà ìdánwò àìmọye ọmọ nígbèésí ayé mi, ṣùgbọ́n n kò ka èyí, ẹnikẹ́ni kò sì kà á fún mi. Nígbà tí mo jí, ohùn mi ń jáde fẹ́ẹ́ bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Wọ́n ní páìpù tí wọ́n fi sí mi lọ́fun ló ha ibẹ̀, pé yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di mẹ́ta. Bí mo bá mu omi, á pá mi lórí, n ó wúkọ́ títí omi á fi dà lójú mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ mímu tó ki kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìkíni ni wọ́n fi ń dá àwa ará ibí mọ̀. Aládùúgbò mi á kọjá láàárọ̀, á ní, “Ọ̀kun o!” Ọwọ́ ni mo fi ń dá a lóhùn. Ó tó oṣù kan kí ó tó gbọ́ pé kì í ṣe ìgbéraga.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ṣe àpèkọ fún àwọn ọmọ JSS2. Mo pe “ọkọ́”, èyí tí a fi ń ro oko. Ìdajì kíláàsì kọ “ọkọ̀”. Mo tún un pè, mo sì fi agbára kún un, ọmọbìnrin kan níwájú wá béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Mà, ṣé ọkọ ìyàwó ni?” Wọn kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ẹni tó ń sọ èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì lè fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, bí ohùn kò bá lè lọ sókè kí ó sì padà wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Ó yẹ kí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wa máa rántí èyí.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni dókítà kan ní ilé ìwòsàn mìíràn tó ti kámẹ́rà tín-ín-rín kan bọ̀ mí nímú, tó fi wo gògóńgò mi, tó sì jẹ́ kí èmi náà wò ó lójú ẹ̀rọ. Tán-án-ná ọ̀tún ń ṣí, ó ń padé. Ti òsì jókòó sójú kan bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ dípẹtà. Àyẹ̀wò náà kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohùn mi padà nígbà tó di oṣù kẹjọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kúrò lára àwọn tó ń gbé ohùn òkè, nítorí iṣan kékeré mìíràn tún wà lápá òkè táírọ́ìdì tó ń jẹ́ kí tán-án-ná nà kí orin lè gòkè, ó sì jọ pé wọ́n fọwọ́ kan ìyẹn náà.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nísinsìnyí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n yọ fún un ní ọjọ́ pípẹ́ tún hù, ní ọ̀tún àti lósì. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àpá ti lẹ ohun gbogbo pọ̀ nínú ọrùn, iṣan kì í sì í rọrùn láti dá mọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá ló ṣe é, wọ́n sì lo ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣan. Dókítà náà fara balẹ̀, ó fi páìpù tó so mọ́ ẹ̀rọ náà hàn wá kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Páìpù tí wọ́n fi ń mí fún ẹni tó sùn ni, ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ níbi tí yóò ti fara kan tán-án-ná. Bí oníṣẹ́ abẹ bá rí ohun tó jọ iṣan, yóò fi ọ̀pá kékeré kan tó ní iná mànàmáná díẹ̀, bíi mílíámpù 1, kàn án. Bí ó bá jẹ́ iṣan náà lóòótọ́, tán-án-ná á sún kì, wáyà á gbọ́ ọ, ẹ̀rọ á sì dún. Ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, nítorí bí oògùn tó ń mú ẹran ara dẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n yọ ti òsì. Nígbà tí wọ́n tún fi ọ̀pá kan iṣan lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n yẹ wáyà àti páìpù wò, kò yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ náà bá ṣíwọ́, ó rán ọrùn pa, kò fọwọ́ kan ti ọ̀tún rárá. Inú bí wa nígbà tó wá sọ fún wa, nítorí a rò pé iṣẹ́ àbọ̀ ni. Ó ní bí iṣan òsì bá ti rẹ̀, tí ti ọ̀tún náà sì tún rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tán-án-ná méjèèjì lè dí ọ̀nà èémí, ó sì lè di dandan kí wọ́n lu ihò sí i lọ́rùn kó tó lè mí. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi há fún bí oṣù mẹ́ta, kámẹ́rà fi hàn pé tán-án-ná òsì ti ń rìn padà, wọ́n sì padà wá yọ ti ọ̀tún.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ wá sọ ọ́ di pé ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé gẹ̀gẹ̀ lọ. Ìlànà tí àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 lórí ohùn àti iṣẹ́ abẹ táírọ́ìdì sọ pé kí oníṣẹ́ abẹ wá iṣan náà rí. Ẹ̀rọ, wọ́n ní ó lè lò ó. Ojú àti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ṣáájú. Ìlànà kan náà ní kí wọ́n yẹ ohùn aláìsàn wò ṣáájú, kí wọ́n là á yé e pé iṣẹ́ abẹ náà lè kan ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì ṣàkọsílẹ̀ bóyá ohùn yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí oṣù 2 lẹ́yìn rẹ̀. Èwo nínú mẹ́ta yìí ló ń béèrè owó ńlá? Bí àwọn ilé ìwòsàn wa láti Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú títí dé Lọ́kọ́ja bá fẹ́ ra nǹkan, kámẹ́rà inú imú ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n sì máa fi wo gbogbo ọrùn tí wọ́n bá fẹ́ ṣí, kí wọ́n tó ṣí i àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ohùn, àwọn olùkọ́, akọrin, oníwàásù àti àwọn tó ń polówó ọjà, kí wọ́n sọ iṣẹ́ wọn fún dókítà láìdúró kí ó bi wọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá oníṣẹ́ abẹ kan tí yóò dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀: ta ló yẹ kó san owó páìpù oníwáyà náà? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni àwa san án.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.