Omi tí wọ́n ní ká fi sẹ́nu yẹn, ìgbà wo la máa tu ú?

Olóòtú mi àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á níwájú gáréèjì, mi ò kọ̀wé sí yín rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí bàbá kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní obìnrin tó bá fẹ́ kí ilé òun tòrò kó máa fi omi sẹ́nu, òun ló jẹ́ kí n ní kí ọmọ mi bá mi tẹ èyí lórí fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún bàbá yẹn. Omi tí a fi sẹ́nu, ìgbà wo la máa wá tu ú? Àbí ká gbé e mì?

Obì ni mo ń tà níbí ní Ṣàgámù, gbàǹja. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé obì ò ṣeé dì sínú apẹ̀rẹ̀ kéèyàn wá lọ sùn. Wàá máa tú u, wàá máa ṣà á, wàá máa pààrọ̀ ewé, torí inú ni kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta, obì á máa dán lójú ẹ, ìgbà tó o bá máa là á, ihò ló kù. Tí àwọn oníbàárà wa ní Sábó bá rí ihò méjì mẹ́ta báyìí, owó ẹ ti já wálẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé alaalẹ́ ni ọwọ́ mi máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì ní tiẹ̀, dírẹ́bà ni, Ṣàgámù sí Ìbàdàn, ó lé ní ogún ọdún tó fi ná ọ̀nà yẹn. Kí fóònù GSM tó dé ní 2001, tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, ìròyìn ló máa ń kó dé, táńkà tó dí ọ̀nà ní Ògèrè, ìyá kan tó gbé àkùkọ sábẹ́ ìró wọ ọkọ̀ kó má baà san owó ẹrù, tí àkùkọ wá kọ nígbà tí wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ìpẹru, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń ka obì, tí mo bá gbójú sókè màá ṣì í kà, mo bá ń dáhùn pé "ẹn-ẹ́n." Nígbà tí fóònù wá dé, ó ń pè mí lọ́sàn-án, èmi náà ni mò ń sọ pé oníbàárà wà níwájú mi o, màá pè yín padà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè padà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, ó bu omi, ó ní "Ìyá Ìbejì, wọ́n ti gé igi ọ̀dán ọ̀nà Ìpẹru yẹn o, èyí tí a sá sí abẹ́ ẹ̀ nígbà tí òjò ká wa mọ́ lọ́jọ́ tí mo wá rí bàbá yín." Mo ní ẹn-ẹ́n. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti ife lọ́wọ́, á tó ìgbà tí mo ka obì mẹ́wàá, ó rọra gbé ife kalẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn. Kò bá mi jà o, owó oúnjẹ ń wọlé, "ẹ kú ilé" ò yẹ̀, àlàáfíà tí bàbá onílẹ́tà yẹn ń wá gan-an la ní. Ará ilé kejì ní kí n lọ wádìí, pé obìnrin ló wà nídìí ẹ̀, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò ṣòkòtò wò. Àfi ọjọ́ tí mo ń bọ̀ látọjà tí mo gbóhùn ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkaníìsà, ó ń sọ̀tàn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe, fọkaníìsà ń rẹ́rìn-ín tó fẹ́ yí lulẹ̀. Mi ò dúró. Lọ́jọ́ kejì tí mo tún kọjá ni fọkaníìsà ní "Mọ́mì, ojú Bàbá ńkọ́? Iná ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lálẹ́ tí wọ́n ní ó ń fọ́n ká lójú àwọn yẹn, ṣé wọ́n ti lọ rí dókítà?"

Ọkọ mi ni o. Fọkaníìsà ló ń sọ fún mi.

Mo sọ ọ́ fún Táyé, tó ń kàwé nípa ìhùwà ẹ̀dá ní yunifásítì, kò yà á lẹ́nu. Ó ní onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ John Gottman, tó kó àwọn tọkọtaya tuntun síbì kan bí ilé, tó ń ṣọ́ wọn, pé tí ọ̀kan bá ní "wo ẹyẹ yẹn," ṣé èkejì máa wò ó. Lẹ́yìn ọdún 6 ó wá wọn lọ. Àwọn tó ṣì jọ wà, nínú ìgbà 100 tí ọ̀kan bá pe èkejì sí nǹkan, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn nígbà 86. Àwọn tó ti kọ ara wọn, 33. Mo ní kí Táyé tún un sọ. Tèmi ò lè pé 10, ẹ jẹ́ n má parọ́.

Ó ní ọkùnrin yẹn náà sọ pé tí àyà bá ń lù kọjá ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan nínú ìjà, etí ò ní gbọ́rọ̀ mọ́, kí wọ́n lọ sinmi fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán kí wọ́n tó padà wá sọ ọ́. Níbi tí èmi àti bàbá onílẹ́tà ti pàdé nìyẹn, kéèyàn fi omi sẹ́nu nígbà ìbínú dáa. Ìṣẹ́jú 20 ni o, kì í ṣe ogún ọdún.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa Rẹ́mọ yìí, kò sí ẹni tí a ò ní kí lójú títì, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ẹrù, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, wákàtí méjì ò tó wa. A wá délé tán, ẹn-ẹ́n. Àwọn ọmọ náà ò yàtọ̀, àdúrà tí wọ́n gbà láti ibòmíì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó ṣe é.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ tì, tí mo jókòó tì í, tí mo ní "Bàbá Ìbejì, báwo lọ̀nà lónìí?" ó wò mí títí, ó ní "Èló lo fẹ́ gbà?" Mi ò bá a wí. Ó tó oṣù méjì kó tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ fún mi fúnra ẹ̀, a jọ lọ rí dókítà ojú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì wakọ̀ alẹ́ mọ́. Nísinsìnyí ó ń bá mi ṣà obì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò jẹ́ kí n kà á pé, lọ́sẹ̀ tó kọjá obì 14 ló ṣìnà lọ sápẹ̀rẹ̀ ẹlòmíì.

Fọkaníìsà ló ń bínú sí mi. Ó ní mo gba ọ̀rẹ́ òun.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì Olóbì,
Ṣàgámù.